Bí Mo Ṣe Kọ́ni ní Okùn Jíjù, àti Ojú Alhaji Múftàù

Rọ́fíà, ọmọbìnrin tó ń ṣe olótùú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Peckham, Lọ́ńdọ̀n, ló ní kí n kọ ọ́. Ó ti gba ìtàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì méjì, oníṣirò owó kan, àti ọkùnrin kan tó wa bọ́ọ̀sì títí eékún rẹ̀ fi yẹ̀. Ó wá ku èmi.

"Uncle Gàní," ó ní, "ẹ kàn sọ ìtàn iṣẹ́ yín fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kó wúni lórí, please. Kó má sì gùn jù."

Mo bi í bóyá ó mọ iṣẹ́ tí mo ṣe.

"Ẹ̀yin lẹ ń ta ọ̀pá ìpẹja, àbí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè ju okùn ìpẹja kó lọ jìnnà, kó sì balẹ̀ síbi tí wọ́n fojú sùn, pẹ̀lú ọ̀pá tí kò wọ́n. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ojú bàbá kan tó dàgbà jù mí lọ fọ́ níwájú mi. Gbogbo ayé gbà pé afẹ́fẹ́ ló fọ́ ọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó ń wúni lórí, kó ṣí ìwé padà sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì.

Mo ti gba oyè yunifásítì nílé kí n tó wá síbí. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà. Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, àpò àyà ni mo fi ìwé-ẹ̀rí mi sí, kí n lè tètè yọ ọ́, torí mo rò pé ẹnìkan ń retí mi. Òtútù nìkan ló ń retí mi. Alhaji Múftàù, ará àdúgbò wa ní Ìbàdàn tí wọ́n ti pẹ́ níbí, tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n gbà mí sílé ní Sydenham. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi sùn ní pálọ̀ wọn. Wọn ò bi mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé ìgbà wo ni mo ń lọ. Ìyàwó wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a máa bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ tó jẹun.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gba àlàyé. Mo rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn Rye Lane, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀. Mo wọlé, mo gbálẹ̀. Owó tí wọ́n ń san kì í ṣe ohun tí à ń bá ọmọlúwàbí sọ. Ìsọ̀ náà ń ta ohun èlò ìpẹja, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi pé mo ti ríṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n ka lẹ́tà náà sí etí gbogbo àdúgbò, títí wọ́n sì fi kú, àdúrà wọn ni pé kí omi Lọ́ńdọ̀n má gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà náà. Kò gbẹ.

Ọ̀gá tó ni ìsọ̀ náà ń jẹ́ Mista Kólíà. Ọmọ Bermondsey ni, bàbá rẹ̀ ru ẹrù létí omi títí tó fi kú. Ó gùn, ó gbẹ, ó jọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tó ń tà. Nígbà tó gbọ́ pé mo lọ sí yunifásítì, ó fún mi lórúkọ kan tí ó ń pè mí títí wọ́n fi gbé e wọ ilẹ̀: Prof. Kì í ṣe àpọ́nlé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò rí i rí. Ìwọ̀ tí a mọ̀ nílé, òjé ni a ń so mọ́ okùn rẹ̀, òjé náà ni yóò fà á wọ odò. Ti ibí yìí yàtọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ náà kó lè jọ eṣinṣin, kò sì wúwo ju èémí lọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ bí òkò, iwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Okùn fúnra rẹ̀ ló nípọn tó sì wúwo. Okùn náà ni à ń jù, ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni. A ó fì í lọ sẹ́yìn gba òkè orí, a ó dúró kó nà tán lẹ́yìn, ká tó fì í síwájú. Ìdúró yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá lè dúró, okùn rẹ̀ yóò ká jọ sí i lórí bí gèlè tí kò rí ẹni wé e.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ọ̀pá. Mo ń fọ okùn àtijọ́ nínú omi ọṣẹ, mo ń nu ìpata kúrò lára ìwọ̀, mo sì ń po tíì. Lẹ́yìn náà ni Mista Kólíà mú mi lọ sórí koríko Peckham Rye láàárọ̀ Sátidé kan, ó to sọ́ọ̀sà tíì mẹ́fà sílẹ̀, èyí tó jìnnà jù tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà sí wa. Ó so òwú pupa kékeré mọ́ ẹnu okùn dípò ìwọ̀. Ó ní ìwọ̀ kì í wá sórí koríko. Lẹ́yìn náà ó fi ìwé tẹlifóònù há mi lábíyá.

"Tó bá jábọ́," ó ní, "o padà sídìí ìkòkò tíì."

Gẹ̀ẹ́sì Bermondsey ló fi sọ ọ́. Èmi ni mo ń tú u. Apá tó bá ṣí kúrò lára kò lè ju okùn sójú kan. Ìwé náà jábọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo padà sídìí ìkòkò tíì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, kò sí èyí tó wúlò fún mi tó ìwé tẹlifóònù yẹn.

Nígbà tí ìwé kò jábọ́ mọ́, ó tún rí ẹ̀sùn mìíràn.

"Prof, kí ni ọwọ́ òsì rẹ ń wá lẹ́yìn ìdí rẹ?"

Èmi gan-an ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ẹ ó mọ̀. Ẹ kì í fi òsì na nǹkan sí àgbà, ẹ kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ kì í fi í júwe ọ̀nà ilé bàbá yín. Tí mo bá ti dúró níwájú ẹni tó jù mí lọ, òsì mi a lọ fara pamọ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òsì ló ń mú okùn lọ jìnnà. Bí ọ̀tún bá ń fi ọ̀pá, òsì ni yóò fa okùn wìtì nísàlẹ̀, kó lè yára sí i. Ọ̀pá olówó iyebíye lè dárí ji ẹni tí òsì rẹ̀ ń sùn. Ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú kò mọ ìdáríjì.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òsì fún un. Ó ronú sí i.

"Nítorí náà," ó ní, "ẹ ń fi ìdajì ara yín pamọ́ fún àwọn àgbà."

"Ọ̀wọ̀ ni, sà."

"Ọ̀wọ̀ kò tíì pa ẹja kan rí."

Ó so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi, ó sì ń fà á ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi ọ̀pá, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Àwọn tó ń mú ajá rìn ń dúró wò wá. Ó gba ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òsì mi tó gbà. Ọjọ́ tó gbà, okùn náà kọjá sọ́ọ̀sà kẹfà, ó sì ṣì ń lọ. Mista Kólíà wò ó títí ó fi balẹ̀. "Ó jìnnà," ó ní, "ṣùgbọ́n kò sí sọ́ọ̀sà níbẹ̀." Ìyẹn ni oríyìn kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà.

Òfin mẹ́ta ló fún mi kó tó jẹ́ kí n kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mú ọ̀pá gbọ́dọ̀ wọ dígí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti apá ọ̀tún ẹni tó ń fi ọ̀tún jù, kó dá ọwọ́ dúró, torí afẹ́fẹ́ yóò gbé ìwọ̀ wá sójú rẹ̀. Kó yí ara padà, tàbí kó lọ sílé. Ìkẹta, bí olùkọ́ bá ní kí èèyàn dúró, onítọ̀hún dúró.

"Bí ẹni tí mò ń kọ́ bá dàgbà jù mí lọ ńkọ́, sà?"

"Ìwọ̀ kì í bi èèyàn ní ọjọ́ orí, Prof. Bí Queen bá mú ọ̀pá láìwọ dígí, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ìsọ̀ àwọn tí kò lówó ni ìsọ̀ wa. Mista Kólíà kórìíra ohun tó bá wọ́n bí ẹlòmíràn ṣe kórìíra ẹ̀ṣẹ̀. Okùn kan wà tí orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ tín-ín-rín bákan náà, tí àárín rẹ̀ nípọn. A ó gé e sí méjì, a ó ta ìdajì fún ẹnìkan, ìdajì fún ẹlòmíràn, ẹja kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ìdajì wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá tó bá le bí igi àjà, tí wọ́n tà lọ́pọ̀, a ó fi okùn tó wúwo ju èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ sí i, yóò sì tẹ̀ dáadáa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: mo tú òwe yìí fún un, ó ní òun rò pé Bermondsey ni wọ́n ti dá a.

Àwọn olówó náà ń wá, láti máa fi wá ṣẹ̀sín. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Forest Hill, nínú jákẹ́ẹ̀tì tí àpò rẹ̀ pọ̀ ju nǹkan tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀kan wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀pá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó fì í lẹ́ẹ̀kan, okùn rẹ̀ gbé fìlà orí ara rẹ̀. Ó fì í lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé fìlà èmi. Mista Kólíà ní kí n fi ọ̀pá wa kan tí a fi téèpù lẹ̀ ní ibi méjì ju òwú sínú sọ́ọ̀sà kẹrin. Mo jù ú. Ọkùnrin náà ní bóyá sọ́ọ̀sà náà ló tóbi jù.

Àwa náà ò kẹ̀rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ wa kan nígbà náà, ẹ má bi mí ní orúkọ, ra ọ̀pá tó wọ́n jù ní Lọ́ńdọ̀n, ó sì ya fọ́tò pẹ̀lú ẹja tó ní òun pa nínú adágún Kent. Wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Kròkà ni ẹja náà. Inú òkun ni kròkà ń gbé. Èyí sì ti dì gbagidi, yìnyín ṣì wà nídìí ìrù rẹ̀, láti ìsọ̀ ẹlẹ́ja Rye Lane. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n a pàtẹ́wọ́ fún un. A mọ bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́. A mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ohun èlò yí padà lójú mi. Ọparun tí wọ́n là tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀ ni mo bá níbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn arúgbó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá tí wọ́n fi gíláàsì hun, ó wúwo, ó ń lọ́ra, mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń kọ́ èèyàn ní sùúrù. Lẹ́yìn náà ọ̀pá kábọ̀n dé, ó fúyẹ́ bí ìlérí, tó bá fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Okùn sílíkì tí a ń fi ọ̀rá pa láràárọ̀ di okùn oníke tí kò fẹ́ ìtọ́jú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ọ̀pá tó dáa gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ṣáínà nínú páálí, sí ẹnu ọ̀nà ilé oníkálukú, kò sì sí ẹni tó nílò ìsọ̀ mọ́. Mista Kólíà kò rí ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi, ó kú lẹ́yìn ọdún méjì. Àwa mẹ́fà la sin ín. Ṣe ni mo bá a nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà tó lọ ni mo mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá, kò sì sí ẹni tí yóò máa wo òsì mi.

Èyí tó kù fún mi ni kíkọ́ni. Mo dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa láàárọ̀ Sátidé, lórí koríko Peckham Rye, pẹ̀lú sọ́ọ̀sà àti òwú pupa. Sìkírá, ọmọ Alhaji Múftàù, ló mú bàbá rẹ̀ wá. Ìyàwó wọn ti kú nígbà náà, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tan. Ó ní, "Uncle, ẹ ṣá jẹ́ kí wọ́n jáde nílé."

Alhaji ju òwú àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ejìká wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sìkírá yíjú padà, ó ń nu ojú. Láàárín ọdún kan, wọ́n di ẹni tó ń ju òwú sínú sọ́ọ̀sà karùn-ún nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ̀pá tí owó rẹ̀ kò tó ti bàtà wọn. Wọ́n ń fi àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Lasisi, sọ́ọ̀sà ni wọ́n ní kí o jù ú sí, kì í ṣe Croydon!"

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, mo gbé àwọn àgbà méje lọ sí adágún kan ní Kent, nínú bọ́ọ̀sì kékeré. Ìwọ̀ gidi ni a lò lọ́jọ́ náà. Mo pín dígí fún gbogbo wọn. Alhaji dá tiwọn padà fún mi.

"Gàní, ọdún méjìlélógún ni mo fi wọ dígí. Oṣù tó kọjá ni dókítà bó awọ kúrò lójú mi. Mo rí ewé lórí igi lókè lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan. O tún fẹ́ fi ike bò ó? Jẹ́ kí n ríran, jàre."

Mo ní, "Kò burú, sà."

Títí di ìrun Àílà, afẹ́fẹ́ ń ti apá òsì wa wá. Lẹ́yìn tí a kírun tán, ó yí padà. Mo mọ̀ ọ́n lára etí mi ọ̀tún, bí ẹni fi aṣọ tútù nù ún. Àwọn yòókù ti jókòó, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Alhaji nìkan ló padà sétí omi. Ẹja kan ń fò níbi tó jìnnà díẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé tiwọn ni. Mo wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wọn.

Wọ́n jù ú. Mo rí ibi tí ìwọ̀ gbà kọjá, ó súnmọ́ orí wọn. Àwọn tó jókòó pariwo, "Alhaji! Alhaji!" bí ẹni wà ní pápá bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà, "Ẹ dúró," ti wà lẹ́nu mi. Mo ronú pé báwo ni ọmọ tó sùn ní pálọ̀ èèyàn fún oṣù mọ́kànlá ṣe máa pàṣẹ fún un níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó rìn súnmọ́ wọn, kí n sọ ọ́ létí wọn jẹ́jẹ́. Wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mi ò rìn. Ó ti ń dà bíi pé mo kàn ń ṣojo ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, okùn náà kò kọjá.

Wọn kò kígbe. Wọ́n ní, "Há," bí ẹni rántí nǹkan. Wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n gbé ọwọ́ sójú ọ̀tún, okùn sì ń ti àárín ìka wọn jáde.

Àwọn dókítà gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú náà lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Sìkírá sáré wọlé sí ọ́sípítù nínú aṣọ iṣẹ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Uncle, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Uncle. Ẹ ṣeun tí ẹ wà pẹ̀lú wọn."

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kejì. Àwọn àgbà mẹ́fà yòókù jẹ́rìí sí afẹ́fẹ́. Ìmáàmù ní kádàrá ni. Mo ti ìsọ̀ pa kí ọdún náà tó parí, mo ní eékún ń dùn mí. Àgbà Yorùbá tó bá ní eékún ń dun òun ní Lọ́ńdọ̀n, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdọọdún ni Alhaji ń fi ẹran iléyá ránṣẹ́ sí mi, itan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọn ò sọ fún wa pé ti ẹlòmíràn náà lè bá wa dákẹ́, kó sì máa jókòó tì wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Rọ́fíà ní kí n gbà nímọ̀ràn, iṣẹ́ náà dáa. Ẹ lè fi ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú ṣe ohun tí ọ̀gá àwọn olówó kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa kọ́ àwọn tó jù yín lọ ní ohunkóhun, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ọkọ̀ wíwà, ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, pé níbí o, ọ̀rọ̀ tèmi ni yóò ṣẹ. Ẹ sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣá sọ ọ́. Èmi ò sọ ọ́.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ fún Rọ́fíà dáa ju èyí lọ. Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kádàrá wà nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi gan-an lẹ́kún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú un lọ sí Sydenham kí n lè tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Alhaji láti lo orúkọ wọn.

"Gàní? Wọlé, wọlé. Ti ilẹ̀kùn kíá, kí afẹ́fẹ́ má wọlé."

Ilé náà móoru. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé, wọ́n fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ oòrùn wà níta. Mo ti ń rí aṣọ yẹn láti ọdún mẹ́jọ. Sìkírá ti sọ fún mi rí pé bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn kì í lọ sí mọ́sáláṣí. Mo ní kó máa fara dà á.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ po tíì fún mi fúnra àwọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan bá lọ kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó mọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n á gbé ẹnu ìkòkò tíì lé etí kọ́ọ̀bù, wọ́n á gbọ́ ìró "kín" kékeré kan, kí wọ́n tó dà á. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ kín. Etí sọ́ọ̀sà ni. Wọ́n ń gbé ìdí ìkòkò náà sókè, omi gbígbóná ń bọ̀ lórí itan wọn.

Mo ní, "Alhaji, ẹ dúró."

Wọ́n dúró.

"Kò sí lórí kọ́ọ̀bù, sà. Ẹ sún un sápá òsì díẹ̀."

Wọ́n sún un, wọ́n gbọ́ kín tòótọ́, wọ́n da tíì. "O ṣeun, jàre. Irọ́ ni ojú kan yìí máa ń pa fún mi."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò tó èémí kan. Òrùlé kò jábọ́, ọ̀wọ̀ ẹnikẹ́ni kò sì dín. Mo gbé ìwé Rọ́fíà sílẹ̀, mi ò sì kà á. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ lára etí mi ọ̀tún lọ́jọ́ náà ní Kent fún wọn, àti bí mo ṣe dákẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n jù ú. Mo sọ ohun tí mo sọ fún Sìkírá ní ọ́sípítù.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù, wọn kò mu ún.

"Ọdún mẹ́jọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbogbo ìgbà tí mo ń bú afẹ́fẹ́, ìwọ náà ń bá mi bú u."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yunifásítì yẹn mà ṣiṣẹ́ o." Wọn kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà. Àwọn ẹgbẹ́ yín wà níbẹ̀."

"Ọ̀wọ̀." Wọ́n wí i bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ tó ti kan wò. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. "Ojú ti lọ, Gàní, mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọdún mẹ́jọ tí mo fi sá fún afẹ́fẹ́ lásán, mi ò mọ ẹni tí n ó fà á lé lọ́wọ́. Kọ ìwé rẹ. Fi orúkọ mi sí i. Ṣùgbọ́n kí o tó fún wọn, lọ bá Sìkírá. Òun lo pa irọ́ fún. Lọ fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde. Mo wà nílẹ̀ títí mo fi dìde fúnra mi, mo sì gbé jákẹ́ẹ̀tì mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó pè mí.

"Gàní. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ṣé o rò pé mi ò ní dúró?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà.

"Màá dúró," wọ́n ní. "Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró fún ọ báyìí ni."